Géèmù tó ń dákú-dájí lórí láptọ́ọ̀pù tokunbo: má tíì ra òmíràn, má sì tíì format

Àbúrò kan tó ń kàwé ní OOU, Àgọ́-Ìwòyè, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù tokunbo ni mo rà, Core i5-9300H ni, RAM 8GB, GTX 1650 tó ní 4GB, háàdì dísìkì 1TB. Tí mo bá ń gbá GTA V, á kọ́kọ́ máa lọ dáadáa ní 60 FPS, tó bá ti tó bí ogún ìṣẹ́jú báyìí á já wá sí 22, 25, á tún gbéra, á tún já. Yàtọ̀ síyẹn, tí mo bá ń fi mọ́tò sáré nínú ẹ̀, á máa há, á tú, á há, á tú. Ẹnjiníà kan ní kí n format, òmíràn ní láptọ́ọ̀pù yẹn ti gbó, kí n lọ ra èyí tó dáa. Owó ọwọ́ mi ò tó ra òmíràn sà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké, torí ọ̀pọ̀ èèyàn “géèmù mi ń hang” nìkan ni wọ́n máa kọ, wọ́n á wá retí kéèyàn ti ibẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú ohun tó o kọ yìí, àìsàn méjì ni mo rí, kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ń dé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú tí FPS á já wálẹ̀ pátá, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń há tó o bá ń fi mọ́tò sáré, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ohun tó fa ọ̀kan kọ́ ló fa èkejì, oògùn wọn ò sì papọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ format tí ẹnì kan ní kó o ṣe, mi ò sì fara mọ́ òmíràn tí ẹnì kejì ní kó o lọ rà, torí nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó wo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ní àsìkò gan-an tó ń ṣe é. CPU ẹ yẹn (i5 yẹn, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti GPU ẹ (GTX 1650 yẹn, òun ló ń ya àwòrán), ọdún 2019 ni wọ́n jáde, GTA V ti dé orí kọ̀ǹpútà láti 2015. Ẹ̀rọ yìí lágbára tó fún géèmù yẹn dáadáa, nǹkan kan ló ń dí i lọ́wọ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ra wa yé lórí FPS fúnra ẹ̀. Iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Tó bá jẹ́ 60, ó túmọ̀ sí pé kí àwòrán kọ̀ọ̀kan máa jáde ní mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7, bó bá jẹ́ 30 ó di 33.3. Wàyí o, ká ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àwòrán kan ṣoṣo wá jókòó fún mílísẹ́kọ́ǹdù 200, tí gbogbo ìyókù sì jáde wéré bó ṣe yẹ, nọ́ńbà tó wà lókè screen á ṣì máa fi bíi 49 hàn ẹ́, wàá ní 49 ò burú, bẹ́ẹ̀ ojú ẹ ti rí i kedere pé ó há. Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jó wọ Ojúde Ọba rí máa mọ̀ pé tí onílù bá fo ìlù ẹyọ kan péré, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló máa ṣì, kò sì sí ẹni tó máa jókòó ka iye ìgbà tó lu ìlù láti ilé. Bẹ́ẹ̀ náà lojú wa ṣe rí pẹ̀lú àwòrán, ohun tó ń fẹ́ ni kó máa dé déédéé. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé mo fẹ́ràn 40 FPS tó tẹ́jú ju 70 tó ń kólòlò lọ, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́.

Nítorí náà kó o tó náwó kankan, wò ó ná. Lọ download MSI Afterburner, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ míì náà, kì í ṣe ti MSI nìkan, RivaTuner Statistics Server á sì bá a wọlé. Lọ sórí Monitoring nínú settings ẹ̀, mú GPU usage, GPU temperature, Core clock ti GPU (eré tó ń sá), CPU temperature, CPU clock, RAM usage àti Memory usage tí í ṣe ti GPU, kí gbogbo wọn máa hàn nígun screen nígbà tó o bá ń gbá géèmù, kó o wá mú Frametime náà (àsìkò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbà kó tó jáde), ṣùgbọ́n èyí jẹ́ kó hàn bíi graph. Ìlà tó tẹ́jú lo fẹ́ rí níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìlà yẹn bá ta ṣóńṣó sókè, àwòrán kan pẹ́ dé nìyẹn.

Wá gbá géèmù ẹ bó o ṣe máa ń gbá a, tó bá ti já, gbójú kúrò lára FPS, wo àwọn tó kù. Tí GPU usage bá dúró sí 97, 98, 99%, tí core clock ẹ̀ ò já, tí FPS sì kéré ṣùgbọ́n tó dúró lójú kan, a jẹ́ pé GPU ti ń ṣe gbogbo ohun tágbára ẹ̀ ká nìyẹn, dín graphics kù, ó parí. Àmọ́ tí FPS bá já tí GPU usage náà bá a já, tó wá sí 45% bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó ń dúró de nǹkan, ẹnì kan ni ò gbé iṣẹ́ fún un lásìkò, ẹni yẹn lè jẹ́ CPU, ó lè jẹ́ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí), ó lè jẹ́ dísìkì. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà o, wọ́n á gbé gbogbo graphics wá sí Low, géèmù á wá rí játijàti lójú, síbẹ̀ kò ní yí nǹkan kan padà, torí pé kì í ṣe GPU ló rẹ̀.

Ó dáa, ká mú àìsàn àkọ́kọ́. Ogún ìṣẹ́jú tó ń lọ dáadáa kó tó já yẹn, ooru ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. CPU ẹ yẹn, tó bá tutù ó lè sáré dé 4.1 GHz, 2.4 GHz ni eré ìpìlẹ̀ ẹ̀, ààlà ooru ẹ̀ sì ni 100°C. Tó bá ti ń kan ààlà yẹn, kò ní jẹ́ kí ara ẹ̀ jóná, ńṣe lá dín eré kù fúnra ẹ̀, ara á tù ú díẹ̀, á tún gbéra sáré, ara á tún gbóná, á tún dín eré kù, òun ló fi ń dákú-dájí. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù géèmù, CPU àti GPU ló jọ ń pín páìpù bàbà kan náà tó ń gbé ooru jáde, tí ọ̀kan bá gbóná ó ń ran èkejì.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Wọ Control Panel, Power Options, Change plan settings, Change advanced power settings, sí Processor power management, kó o gbé Maximum processor state láti 100% wá sí 99%, ìgbà tó wà lórí iná àti ìgbà tó wà lórí bátìrì, méjèèjì. Iye kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa turbo, ìyẹn eré àfikún tó ń gbé e kọjá 2.4 GHz, CPU á dúró sí ìpìlẹ̀ ẹ̀, ooru ẹ̀ á já wálẹ̀ gan-an. Wá gbá GTA V fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ pé FPS tó ga jù dín díẹ̀ ṣùgbọ́n kò já sí 22 mọ́ rárá, o ti mú olè nìyẹn, ooru ni. O tiẹ̀ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wàá fi rówó tọ́jú ẹ̀. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé kó o lo ThrottleStop fi dín voltage CPU kù, ìmọ̀ràn tó dáa ni nígbà kan, àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti rí àléébù ààbò tí wọ́n pè ní Plundervolt ní ìparí 2019, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ti fi BIOS tuntun (ètò inú motherboard tó ń tan ẹ̀rọ) ti ilẹ̀kùn yẹn, tó o bá gbìyànjú ẹ̀ tí kò gbà, má dààmú ara ẹ.

Wá gbọ́ ibi tí ìdọ̀tí ń fara pa mọ́ sí. Tó o bá tú ìdí láptọ́ọ̀pù tokunbo, o lè rí i pé abẹ fáànù mọ́, ẹnjiníà tó ń kánjú á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á ní ó ti parí, á gba owó. Ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Tú àwọn síkúrù tó di fáànù mú, gbé e kúrò, kó o fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹnu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde nínú fáànù wọ àárín àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tó tò ti ara wọn. Ibẹ̀ ni eruku ti máa ń dì pa, ó nípọn, àwọ̀ eérú ni, irun orí àti òwú bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, tó o bá fi ẹ̀mú kékeré mú etí ẹ̀ tó o rọra fà á, odindi ẹ̀ lá ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan. Fáànù á máa pariwo gèè, o ò sì ní mọ atẹ́gùn kankan tó bá gbọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, torí pé ọ̀nà ti dí. Lásìkò ọ̀yẹ́ ló ń yára dí jù, àwọn tó ń gbé etí títì tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, bí ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé ń gbé, ẹ má jẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ kẹ́ ẹ tó tú u wò.

Fi ìka tàbí igi ehín di abẹ fáànù mú kó o tó fẹ́ ẹ. Jọ̀wọ́, má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi páìpù tó ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, omi máa ń bá atẹ́gùn yẹn jáde látinú táǹkì, agbára ẹ̀ á sì mú fáànù yí kọjá bó ṣe yẹ, béárìn ẹ̀ á gbọ̀n, láti ọjọ́ náà lá ti máa kígbe. Tí wọ́n bá ti tú u débẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ thermal paste náà lọ́wọ́ kan, ìyẹn páàsìtì tó wà láàárín CPU àti irin tó ń gba ooru lára ẹ̀, èyí tó wà nínú tokunbo tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ti gbẹ, ó ti ń fọ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Kó jẹ́ ojúlówó o, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń lò, ìyẹn á gbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, wàá sì padà síbi tó o wà. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n tú, má dá a ṣe, torí okùn fáànù yẹn tín-ín-rín, ẹnu ibi tí wọ́n fi kì í bọ motherboard sì rọrùn láti já. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde, dúró tì í, kó o sì ní kó gbé fáànù kúrò lójú ẹ. Nílé, má gbé e lé bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí mọ́ tó o bá ń gbá géèmù, ihò tó ń fa atẹ́gùn wà lábẹ́ ẹ̀, fi ìdérí ìgò méjì gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè lórí tábìlì, ìyẹn nìkan lè mú ooru dín kù.

Àmọ́ tí àyẹ̀wò 99% yẹn ò bá yí nǹkan padà ńkọ́, tí ooru ò tiẹ̀ ga? Wo CPU clock. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí FPS bá já lo máa ń rí 0.79 GHz níbẹ̀, tí kò kúrò níbẹ̀, iná ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣájà. Mo fẹ́ kó o gbé ṣájà ẹ báyìí kó o ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Láptọ́ọ̀pù tó ní GTX 1650 sábà máa ń bá ṣájà 120W, 130W, 135W tàbí 150W jáde láti ilé iṣẹ́. Àwọn tó ń ta tokunbo, ṣájà tó bá ti wọlé sí i ni wọ́n ń fún èèyàn, ó lè jẹ́ 65W. Á máa ṣiṣẹ́, iná á tàn lára ẹ̀, wàá tẹ iṣẹ́ iléèwé, wàá wo fídíò, kò ní dí ẹ lọ́wọ́, àfi ọjọ́ tó o bá ṣí géèmù. Nígbà yẹn láptọ́ọ̀pù á bẹ̀rẹ̀ sí fa bátìrì mọ́ ṣájà, bátìrì á máa lọlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lórí iná, tó bá yá á há CPU mọ́lẹ̀ kó lè tó o jẹ. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tún wà tí wọn ò bá dá ṣájà mọ̀, bó jẹ́ 130W ni wọ́n kọ sára ẹ̀, wọn ò ní sáré, torí pé irin tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu ṣájà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, tí ìyẹn bá ti kán, ó tán. Tó o bá wọ BIOS wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá wọ́n mọ ṣájà tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Iná ilé náà wà ńbẹ̀. Ṣájà láptọ́ọ̀pù ń gba 100 sí 240 fóòtì, ṣùgbọ́n o mọ̀ bí iná ṣe máa ń rí lálẹ́ tí gbogbo ilé bá tan nǹkan papọ̀, gílóòbù á pọ́n bíi ẹyin iná. Tó bá já ju ohun tí ṣájà lè gbà lọ, láptọ́ọ̀pù á bọ́ sórí bátìrì, á tún padà, kò sì ní pariwo. Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé screen á ṣókùnkùn díẹ̀ ní àsìkò kan náà tí FPS já, nítorí Windows ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù torí bátìrì. Jẹ́ńẹ́rétọ̀ kékeré tí gbogbo yàrá ń pín lò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan bá ti tan áyọ́ọ̀nù, o ti rí i. Lórí bátìrì, GPU kì í ráyè lo agbára ẹ̀ rárá, Battery Boost ti NVIDIA sì sábà máa ń dá FPS dúró sí 30, nítorí náà má fi bátìrì ṣe ìdánwò kankan.

Ó kù sí àìsàn kejì, èyí tó ń há tó o bá ń fi mọ́tò sáré, èyí sì dá mi lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Géèmù bíi GTA V ò kó gbogbo ìlú ẹ̀ sínú RAM lẹ́ẹ̀kan náà, kò ṣeé ṣe. Àdúgbò tó o wà àti èyí tó sún mọ́ ọ ló ń kó, bó o ṣe ń lọ ló ń ka ti iwájú látorí dísìkì, tó ń da ti ẹ̀yìn nù. Tó o bá ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń rí àyè kà á. Tó o bá wọ mọ́tò tó o tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí express, wàá dé ibi tí dísìkì ò tíì kà tán. Àwòrán á dúró dè é. Ìyẹn ni ó há yẹn. Háàdì dísìkì láptọ́ọ̀pù, abẹ́rẹ́ gidi ló wà nínú ẹ̀ tó ń sún síwá sẹ́yìn lórí àwo tó ń yí, tó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan tó tò tẹ̀léra wọn ó lè ka bíi 100MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n ohun tí géèmù ń béèrè jẹ́ wẹ́wẹ́ tó fọ́n káàkiri, lórí irú ìyẹn ó lè má ka ju 1MB tàbí 2MB lọ. SSD, irú dísìkì tuntun, ò ní abẹ́rẹ́, kò ní àwo, kódà èyí tó rẹlẹ̀ jù tí wọ́n ń pè ní SATA ń ka bíi 500MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe ń kọjá ìyẹn ní ìlọ́po. Lọ́dún 2023 àwọn tó ṣe Cyberpunk 2077 tiẹ̀ yọ háàdì dísìkì kúrò nínú ohun tó kéré jù tí wọ́n ní kéèyàn ní, SSD ni wọ́n kọ síbẹ̀, ibi tí ayé ń lọ nìyẹn.

Ṣí Task Manager, lọ sí Performance, fi sílẹ̀ lẹ́yìn, gbá géèmù, fi mọ́tò sáré títí á fi há, kó o tẹ Alt+Tab kíá. Tí Disk bá wà ní 100% tàbí tó sún mọ́ ọn, mi ò ní àlàyé míì láti ṣe. Kó o tó ṣe ohunkóhun sí i, lo CrystalDiskInfo wo ìlera dísìkì yẹn, ọ̀fẹ́ lòun náà, tó bá kọ Caution láwọ̀ òféèfèé, kó project ẹ àti gbogbo ìwé ẹ kúrò lórí ẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ defend.

RAM wá ń dá kún un. 8GB, Windows á ti jẹ nínú ẹ̀, Chrome tó ṣí tab mẹ́wàá á jẹ tiẹ̀, WhatsApp, antivirus, èyí tó kù fún géèmù kò pọ̀. Tó bá ti kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí kó ohun tó wà nínú RAM sínú page file, page file yẹn sì wà lórí háàdì dísìkì kan náà tí géèmù ń kà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń sá sọ́tùn-ún sósì fún àwọn méjèèjì. Wo ibi Memory nínú Task Manager, wàá rí Slots used. Tó bá jẹ́ 1 of 2, inú mi dùn fún ẹ, torí pé àyè wà, o lè fi 8GB míì kún un láìyọ ti tẹ́lẹ̀, DDR4 SO-DIMM 2666 ni kó o béèrè. Ẹyọ méjì tún ń jẹ́ kí CPU máa ka RAM ní ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ń ran àwọn àwòrán tó ń pẹ́ dé lọ́wọ́. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ò ní GPU ọ̀tọ̀, tó jẹ́ Intel UHD tàbí Vega nìkan ló ní, kò sí ohun tó máa ṣe é lóore ju ẹyọ kejì yìí lọ, torí RAM yẹn ni GPU ẹ̀ náà ń lò.

Tó bá jẹ́ pé ohun kan péré lowó ẹ ká, SSD ni kó o rà, RAM lè dúró. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá tú u bóyá ihò M.2 wà lára motherboard, tó bá wà, fi NVMe síbẹ̀, kí háàdì dísìkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún fíìmù àti ìwé, tí kò bá sí, fi SATA 2.5 rọ́pò háàdì dísìkì. 512GB ti tó bẹ̀rẹ̀. Windows àti géèmù lo máa kó lọ síbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni install tuntun tí ẹnjiníà yẹn ń sọ wúlò, kí Windows tuntun wọ SSD tuntun. Format lórí háàdì dísìkì tó ń fa ẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀ yára sí i. Kó o ṣọ́ra fún SSD àti flash tí wọ́n kọ 2TB sí lára tí owó ẹ̀ wá kéré lọ́nà tó ya èèyàn lẹ́nu, lo H2testw kó fi fáìlì kún un, kó tún kà á padà, tí kò bá dé iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Nínú settings GTA V fúnra ẹ̀, pa MSAA, mú Grass Quality wá sí Normal tàbí High, kó o fa Extended Distance Scaling wá sílẹ̀ pátápátá, òun ló ń fipá mú kọ̀ǹpútà ya ohun tó jìnnà tí ojú ẹ ò tiẹ̀ rí, ó ń dá wàhálà dísìkì àti CPU sílẹ̀. Textures ò ní láti wá sí Normal, 4GB ẹ gbà á, àmọ́ wo ìlà Video Memory tó wà lókè settings yẹn, má jẹ́ kó kọjá, torí tí memory GPU bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, inú RAM ló ń da ìyókù sí, ọ̀nà yẹn sì jìn. Lẹ́yìn náà, ṣí RivaTuner, kọ 60 sí Framerate limit. GPU tó ń gbé 85 jáde fún screen 60Hz, ooru lásán ló ń ṣe. Tó o bá rí i pé kò lè dúró sí 60 láwọn ibì kan, pa V-Sync, torí V-Sync irú àtijọ́ tó bá ti tàsé 60 díẹ̀, ó lè já ẹ sí 30 lẹ́ẹ̀kan náà, wàá rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́.

Àwọn kéékèèké tó kù, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lọ sí Settings, System, Display, Graphics, rí i dájú pé High performance ni GTA V wà, kì í ṣe Intel tó wà nínú CPU. Pa gbígbà fídíò lẹ́yìn ti Xbox Game Bar. Má jẹ́ kí Windows Update máa download nígbà tó o bá ń gbá géèmù. Kó o sì yọ gbogbo ohun tó ń pe ara ẹ̀ ní FPS booster kúrò, kò sí èyí tó ń fún kọ̀ǹpútà lágbára tí kò ní. Tó bá jẹ́ géèmù tí ẹnì kan kó fún ẹ látinú flash lo fi sórí ẹ̀, ṣọ́ ọ dáadáa: àwọn kan ń fi ètò tó ń fi kọ̀ǹpútà ẹ wa owó crypto fún wọn pamọ́ sínú ẹ̀, fáànù á máa pariwo bó o ò tiẹ̀ ṣí nǹkan kan, tó o bá wá ṣí Task Manager, á dákẹ́ lójijì torí ó ń fara pa mọ́. Tó o bá rí irú ẹ̀, format jàre, ìyẹn lòun wúlò fún.

Tó o bá tún bọ́ sórí àwọn géèmù tuntun, wàá rí òmíràn tó ń há nígbà àkọ́kọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: ìgbà àkọ́kọ́ tó o yìnbọn, ìgbà àkọ́kọ́ tó o wọ yàrá kan, ìgbà kejì kò há mọ́. Shader nìyẹn, ètò kékeré tí GPU gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè ara ẹ̀ kó tó lè ya nǹkan, lórí DirectX 12 ló pọ̀ jù. Tí géèmù bá ní kó o dúró kó compile shaders kó tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kó ṣe é tán, má fò ó. Nínú NVIDIA Control Panel, gbé Shader Cache Size sí 10GB, má sì máa pa cache yẹn rẹ́ torí pé ẹnì kan sọ fún ẹ pé ó ń gba àyè. Gbogbo ìgbà tó o bá pààrọ̀ driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá GPU sọ̀rọ̀), á tún un túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá fara dà á fún ìgbà díẹ̀.

Kó o má sì da ọ̀rọ̀ dátà pọ̀ mọ́ èyí. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lò ń gbá a, tí àwọn ẹlòmíràn ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn ṣùgbọ́n tí ìwọ fúnra ẹ ń yíjú geere, tí ìlà frametime sì tẹ́jú, network ni, sáfà wọn jìnnà sí wa, kò sí RAM tó lè wò ó sàn.

Bó o ṣe máa tò ó rèé: Afterburner lónìí, 99% lálẹ́ òní, ka ṣájà, wo Slots used. Ìyẹn ò ná ẹ ní nǹkan kan. Lẹ́yìn náà fáànù àti páàsìtì. SSD tó bá ṣe é ṣe, RAM nígbà tí owó bá tún wọlé. Fi fóònù ya screen nígbà tó bá já, kí CPU clock àti ooru hàn nínú fọ́tò náà, kó o ya ara ṣájà náà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n kọ volts àti amps sí, ìsọdipúpọ̀ méjèèjì ló ń fún wa ní watt, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.